Wọ́n fi mí ṣe súpáfáísọ̀ lórí àwọn tó tó bí mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń di búrẹ́dì sínú náílọ̀n kí wọ́n tó fi mí ṣe súpáfáísọ̀ shíftì àárọ̀ ní oṣù tó kọjá. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀. Bàbá tó wà nídìí ófùn àti màmá tó ń wọn fúláwà dàgbà tó ẹni tó lè bí mi. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń di búrẹ́dì tẹ́lẹ̀ ń pẹ́ dé, bí mo bá sì sọ̀rọ̀, á ní ipò ti ń gùn mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bíi ogójì páànù jóná, ọ̀gá àgbà sì ní kí n mú orúkọ ẹni tó jẹ̀bi wá kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní nǹkan kan nípa iṣẹ́ tuntun yìí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìfaradà. Ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù ṣe olórí, tí wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó máa tá tàràrà, kò lóǹkà nílẹ̀ yìí.

Ó jọ pé ẹ gbà pé ọjọ́ orí ni ìṣòro yín. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń yọ yín lẹ́nu ni pé kò tíì sẹ́ni tó là á yé gbogbo shíftì náà ohun tó wà níkàáwọ́ yín àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Bàbá tó wà nídìí ófùn ò mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ yín ò mọ̀ ọ́n, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ má tíì jókòó rò ó. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹni tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa ń di ọ̀gá.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà yín, ìyẹn máníjà, lẹ máa kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ tọrọ ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ara bá tù ú, ẹ mú bírò àti ìwé dání. Ẹ bi í pé: búrẹ́dì mélòó lẹ ń retí lọ́wọ́ shíftì àárọ̀ lójúmọ́? Mélòó ló lè bàjẹ́ kó tó di ẹjọ́? Bí iná bá lọ, ṣé mo lè ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, àbí kí n kọ́kọ́ pè yín? Bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá bá dé síbi iṣẹ́, ṣé mo lè ní kó padà sílé? Bó bá kan kúírì, ta ló ń fọwọ́ sí i? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ kà á sí i létí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: “Ẹ ṣeun, sà. Ohun tí a jọ sọ láàárọ̀ nìyí.” Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún wọn láti sẹ́ ohun tí wọ́n ti kà tí wọn ò sì ta kò. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá síwájú shíftì kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Bí kò bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, tiyín nìkan ò ní tà létí wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi náílọ̀n sílẹ̀. Èyí le ju bó ṣe dún lọ. Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀ gan-an, ọwọ́ á máa yún yín láti padà sídìí tábìlì, torí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì máa ń dùn mọ́ ènìyàn láti ṣe ohun tó mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń di búrẹ́dì, ta ló ń wo ófùn? Ta ló mọ̀ pé yíìsì ti fẹ́ tán? Bí nǹkan bá há, ẹ bá wọn dì í fún ìwọ̀nba àkókò, ẹ sì ti sọ ìgbà tí ẹ máa dìde kí ẹ tó jókòó. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ àti ìdajì wákàtí ìkẹyìn nìkan ni ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan búrẹ́dì rárá. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ jọ rìn yí ilé iṣẹ́ ká pẹ̀lú ẹni tó ń kúrò ní shíftì òru: àpò fúláwà mélòó ló ṣí sílẹ̀, páànù mélòó ló wà nínú iná, ẹ̀rọ wo ló ń dún bí kò ṣe yẹ. Nínú ti ìkẹyìn, ẹ kọ ìwé yín.

Ìwé wo? Ìwé àjákọ lásán, ojú ewé kan fún ọjọ́ kan. Àpò fúláwà tí a lò, búrẹ́dì tó jáde, èyí tó jóná, èyí tí àwọn oníbàárà dá padà nítorí pé ó bu, ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tó dé, ìgbà tí oníkálukú wọlé. Ẹ má kọ ẹ̀sùn sínú rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ó rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ẹ jẹ́ ká ní àpò fúláwà oníkílò 50 ń mú iye búrẹ́dì kan jáde fún yín ní gbogbo ìgbà, tó wá dín kù lójijì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé òṣùwọ̀n ti yẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan kan ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bí òṣùwọ̀n bá fi gíráàmù 20 péré yẹ̀ lórí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan, nínú ẹgbẹ̀rún kan búrẹ́dì, kílò 20 ti lọ nìyẹn. Ojú lásán ò lè rí gíráàmù 20.

Ó wá kan àwọn àgbà, ibi tí mo mọ̀ pé ọkàn yín wà.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ le ojú mọ́ wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ ti kúrò lẹ́gbẹ́ wọn. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ fi bàbá sílẹ̀, ó ti dàgbà, kó máa ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyẹn náà ò dára, torí bí búrẹ́dì bá jóná, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè. Ẹ lè kúnlẹ̀ kí bàbá ní aago mẹ́fà, kí ẹ sì sọ fún un ní aago méje pé páànù ti pẹ́ jù nínú iná. Ọ̀kan ò ba èkejì jẹ́. Kò sí àgbà tó mọ iyì ara rẹ̀ tó máa bínú sí ọmọ tó kí i dáadáa tó sì ń bi í léèrè iṣẹ́. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí ọmọ tó ń kúnlẹ̀ lánàá máa kí wọn lóòró lónìí nítorí pé wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí.

Ẹ lọ bá bàbá ní òun nìkan, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa sọ ká ní èmi ni yín nìyí: “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ wà nídìí ófùn yìí kí n tó dé, mi ò sì ní sọ pé mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ṣùgbọ́n ọrùn mi ni ọ̀gá gbé e kọ́ báyìí. Mo fẹ́ kí a jọ fẹnu kò lórí iye ìṣẹ́jú tí páànù ńlá àti páànù kékeré máa lò nínú iná, kí n kọ ọ́ mọ́ ara ògiri, kí ẹni tó bá dúró fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ò sí lè rí i.” Ṣé ẹ rí i? Òun ló máa pe iye náà, ẹ̀yin á kọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ẹ bá bi í léèrè, ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde lẹ ń rán an létí.

Ẹ má ṣe rán ọmọdé sí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìbáwí láéláé. Ẹ má ṣe tọ́ ọ sọ́nà níṣojú àwọn ọmọ tó ń gbé páànù, àyàfi bí iná bá fẹ́ jó ènìyàn. Ẹ má sì sọ iṣẹ́ di ẹ̀bẹ̀. “Bàbá, ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi” máa ń dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá bẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, sà” ẹ̀ẹ̀kan ti tó, kí iye tàbí aago sì tẹ̀ lé e: “Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí eléyìí jáde ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.” Bẹ́ẹ bá ní “ẹ ṣe é dáadáa,” ohun tó pè ní dáadáa lè yàtọ̀ sí tiyín. Bó bá kọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ fún un pé ẹ máa mú máníjà wá kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó. Ẹ má ṣe gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Ní ti màmá tó ń wọn fúláwà, kí ẹ tó sọ pé alágídí ni, ẹ ní kó ka nọ́ńbà ojú òṣùwọ̀n sí yín létí. Ó lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, tí ìtìjú ò sì jẹ́ kó sọ. Gíláàsì ìkàwé tàbí òṣùwọ̀n tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi lè parí ìjà tí ẹ rò pé ti ọjọ́ orí ni.

Lórí ọ̀rẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá láti ibi tó jìnnà díẹ̀. Ní 1940, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Training Within Industry. Àwọn ọ̀jáfáfá òṣìṣẹ́ ń lọ sójú ogun, àwọn tí kò dúró ti ẹ̀rọ rí ló ń kún inú ilé iṣẹ́, ẹni àná sì ń di súpáfáísọ̀ lónìí, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Wákàtí mẹ́wàá péré ni ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan. Ètò náà parí ní 1945, ó sì dé Japan lẹ́yìn ogun. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Toyota mú un lò gan-an. Ẹ̀kọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ ènìyàn kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ: kó òótọ́ ọ̀rọ̀ jọ, wọ̀n ọ́n kí o tó pinnu, ṣe ohun tí o pinnu, kí o sì padà lọ wò ó bóyá ó yọrí sí rere. Èyí tí àwa máa ń fò dá ni àkọ́kọ́ àti ìkẹrin.

Ẹ fi wo ọ̀rẹ́ yín. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́? Ṣé ṣáájú kí wọ́n tó fi yín jẹ ọ̀gá ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Níbo ló ń gbé? Ẹni tó bá ń ti Mọ́níyà bọ̀ wá sí apá Challenge, tó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ Micra méjì tàbí mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́, wàhálà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń gbé ní àdúgbò tó kàn ń dán yín wò. Ìwé yín á sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pè é síta, kì í ṣe níwájú tábìlì, ẹ bá a sọ ọ́ bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀: “Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lo pẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Mi ò ní bá ẹlòmíì wí lórí ohun tí mo bá gbójú fò fún ẹ. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?” Kí ẹ sì dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tàbí ti ọmọ, ẹ lè bá máníjà sọ ọ́ kí wọ́n sún àkókò rẹ̀ síwájú díẹ̀, kó sì fi àṣẹ́kù rẹ̀ kún un nírọ̀lẹ́, níwọ̀n bí ẹlòmíì tó bá wà nírú ipò yẹn bá lè rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ gbà.

Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń ṣe é ni, ó di kúírì. Ẹ má jẹ́ kí ìbínú bá yín kọ ọ́, torí ìbéèrè ni kúírì jẹ́, kì í ṣe ìdájọ́. “Ní ọjọ́ Ajé, o dé ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, o dé ní aago méje. Aago mẹ́fà ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, kọ ìdí rẹ̀ wá kí ọjọ́ Ẹtì tó parí.” Ó parí síbẹ̀. Kò sí “ìwà àìbìkítà rẹ,” kò sí “gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ.” Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ba ẹjọ́ jẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ẹni tó máa dá a. Ó lè má bá yín jẹun fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn wà lára iṣẹ́ náà, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ogójì páànù yẹn, ẹ má ì tíì mú orúkọ ẹnikẹ́ni lọ. Apá 5 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó bà á jẹ́ nítorí àìkíyèsára, wọ́n lè yọ ìwọ̀nba tó tọ́, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Máníjà ò lè dá a ṣe nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ibi ló ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ ìyẹn ò sọ ọ́ di òfin. Yàtọ̀ sí òfin, ẹ rò ó wò: bí wọ́n bá mọ̀ pé búrẹ́dì tó jóná máa jẹ nínú owó àwọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pamọ́, wọ́n á ha dúdú ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á kó o sínú náílọ̀n. Ọ̀dọ̀ oníbàárà ni ẹ ti máa gbọ́ ọ.

Kí ẹ tó béèrè ta ni, ẹ béèrè kí ló ṣẹlẹ̀. Ṣé iná lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Nínú ófùn tí páànù ń yí po, bí iná mànàmáná bá lọ, yíyí náà á dúró, ooru á sì wà níbẹ̀. Páànù tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná ti ń jáde á gba gbogbo ooru náà mọ́ra. Ìṣẹ́jú mélòó ni jẹnẹrétọ̀ fi gbé e? Ṣé aago ófùn ń ṣiṣẹ́? Àbí wọ́n pe bàbá lọ já fúláwà nínú ọkọ̀ nígbà tí páànù wà nínú iná? Bó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀yin tàbí máníjà lẹ jẹ̀bi, kì í ṣe bàbá. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé kan, ẹ gbé e tọ ọ̀gá àgbà: “Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, sà. Ohun tí kò ní jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ nìyí, iye tó máa ná wa sì nìyí.” Ọ̀gá tó ń wá orúkọ sábà máa ń gba iye owó dípò rẹ̀, bí ẹ bá gbé e wá kíákíá.

Ẹ máa gba ẹni tuntun sí àyè yín nídìí tábìlì láìpẹ́, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ́ ọ. Ètò Amẹ́ríkà yẹn ní ẹ̀kọ́ lórí èyí náà: ẹ fi ara ẹni náà balẹ̀ kí ẹ mọ ohun tó ti mọ̀, ẹ ṣe iṣẹ́ náà níṣojú rẹ̀, ẹ máa sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ kó ṣe é kó sì máa ṣàlàyé fún yín, ẹ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa padà wò ó. Ohun tó ṣe kókó jù ni pé kí ẹ sọ ìdí. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ pé “má di búrẹ́dì gbígbóná,” yóò dì í lọ́jọ́ tí àwọn oníbàárà bá ń pariwo. Bí ẹ bá jẹ́ kó rí náílọ̀n tó làágùn nínú, tí ẹ sì fi búrẹ́dì tó bu lẹ́yìn ọjọ́ méjì hàn án, kò ní nílò yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó dúró dè é kó tutù.

Àwọn nǹkan díẹ̀ tí òfin fi lé yín lọ́wọ́, ẹ há wọn sórí. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, kó sì ní odindi ọjọ́ kan láti sinmi nínú méje. Ẹni tó bá ṣàìsàn tó mú ìwé dókítà wá lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Bí ẹnìkan bá farapa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: lábẹ́ òfin 2010 tó wà fún owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó farapa, òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà. Bí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọ̀gá àgbà, bá ní kí ẹ da kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní bromate sínú fúláwà kó lè wú, ẹ kọ̀. NAFDAC ti fòfin dè é.

Ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wá wà nítòsí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akáńtì bóyá ilé iṣẹ́ yín ń san owó fún ITF, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 fún kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n bá sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bó ṣe yẹ, wọ́n lè gbà tó ìdajì rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kékeré ń san án tí wọn ò béèrè nǹkan kan padà. Bí ẹ bá lọ bá ọ̀gá pé ẹ fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ súpáfáísọ̀, ọ̀rọ̀ owó yẹn ni kí ẹ fi ṣáájú.

Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa owó oṣù tiyín nínú lẹ́tà yín, ó sì jọ mí lójú. Bó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ yín di súpáfáísọ̀, ẹ béèrè ìwé. Apá 7 nínú Labour Act tí mo mẹ́nu bà lókè ní bí àdéhùn iṣẹ́ bá yí padà, kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àlàyé lórí ìwé láàárín oṣù kan. Oṣù kan yín ti ń pé lọ. Bí wọn ò bá tíì fi owó kún un, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ máa jọ jókòó lórí rẹ̀ sínú ìwé náà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ mú ìwé àjákọ yín dání.